Òkúta Tó Gba Ẹ̀gbẹ́ Ayé Kọjá

Ìlà kan ṣoṣo ni Débọ́lá ṣì kà nínú ìròyìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìlà yẹn náà ló sì lé e káàkiri Fẹ́sítàkì bí ẹni tí oyin ń lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú yàrá tóóró kan ní Tuẹntí-Tú Róòdù, níbi tí wọ́n ti fi fóòmù àtijọ́ bo ògiri kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò má baà wọlé. Seth, ọ̀gá rẹ̀, ló dá ìkànnì ìròyìn náà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń wá ìròyìn, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù wàràwàrà láìfi àmì ohùn kankan lé e lórí. Iṣẹ́ Débọ́lá ni kó kà á. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, Fẹ́sítàkì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì balẹ̀, irú ohùn tí èèyàn ń gbọ́ tí kì í rò ó pé ó lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tó bá lórí fóònù nìyí: "Okuta kan to tobi to boosi yoo gba egbe aye koja ni Ojobo." Ohun tó kà sínú máìkì nìyí: "Òkúta kan tó tóbi tó bọ́ọ̀sì yóò gbá ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá ní Ọjọ́bọ̀." Òkúta tó ń bá tirẹ̀ lọ lójú sánmà, tó kàn fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ni Débọ́lá sọ di òkúta tó máa gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí tírélà ṣe ń gbá ọkọ̀ kéékèèké ní Mile 2. Ìyókù ìròyìn náà tọ̀nà. Ó sọ pé aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́ ni òkúta náà máa sún mọ́ ayé jù, pé ọ̀nà tó máa wà láàárín àwa àti òun á tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀nà òṣùpá, pé ojú lásán kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ìròyìn dé ìparí? Seth kò gbọ́ àṣìṣe náà. Débọ́lá fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì lọ jẹun.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ọjọ́rú, ẹnì kan ti gé ìlà yẹn jáde, ó ti fi ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù. Ẹlòmíì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i nísàlẹ̀: "Ìròyìn ni o, kì í ṣe wòlíì ló sọ ọ́." Débọ́lá fẹ́ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú fóònù obìnrin tó ń tajà. Obìnrin náà tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní, "Ọjọ́bọ̀. Ọ̀la nìyẹn." Débọ́lá fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí káńtà, ó sì jáde.

Seth ṣe àtúnṣe. Ó ní kí Débọ́lá ka ìlà náà dáadáa, kó sì tọrọ àforíjì. Ogójì èèyàn péré ló gbọ́ àtúnṣe yẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Àtúnṣe kì í lẹ́sẹ̀. Àṣìṣe ní tiẹ̀ ti dé Badagry, ó ti dé Ìkòròdú, ọmọ Fẹ́sítàkì kan tó wà ní Kánádà pàápàá ti fi í ránṣẹ́ padà sí Débọ́lá, ó ń bi í léèrè bóyá òun ló sọ ọ́. Fóònù ń dún, kò dákẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ń pè, ẹni tí kò mọ̀ rí ń pè ó ń ṣépè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìtìjú bò ó, ó pa fóònù, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́bọ̀ ló tó gbé ìrọ̀rí náà kúrò, tó sì tan fóònù padà. Aago mẹ́wàá ti lù. Ìpè mọ́kànlá ló bá níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà fi ohùn kan sílẹ̀: "Débọ́lá, o ò gbé fóònù. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ kí n tó lọ."

Kò sọ ibi tó ń lọ. Débọ́lá pè é padà. Fóònù ìyá ti kú.

Bímpé ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, opó ni láti ìgbà tí Débọ́lá wà ní ọmọ ọdún méje, òun nìkan ló sì ń gbé fúláàtì tó wà ní Fíìfù Àfẹ́níù. Èèyàn tó máa ń sọ ibi tó ń lọ ni. Tó bá fẹ́ lọ sí Agboju lásán láti lọ ra ẹja, á kọ́kọ́ pe ọmọ rẹ̀. Débọ́lá kò wẹ̀, ó wọ sílípáàsì, ó sì gba kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Fíìfù Àfẹ́níù.

Ìkẹ́, aládùúgbò tó ń gbé nísàlẹ̀, ló pàdé ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ méjì tí kò jẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà.

"Mọ́mì yín ti jáde láti aago mẹ́jọ," Ìkẹ́ sọ. "Wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìntì. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá pẹ́, kí n bá àwọn bomi sí ewébẹ̀."

"Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ?"

"Wọn ò sọ. Débọ́lá, ọ̀rọ̀ òkúta yìí, ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá, mà. Àṣìṣe ni. Ó kàn fẹ́ kọjá ni, kò ní kan ẹnikẹ́ni."

Ìkẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ lo sọ ọ́, ìwọ náà lo tún ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èwo ni ká wá gbà?"

Débọ́lá na ọwọ́ sí i. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gun òkè. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àwo ló wà ní fífọ̀. Bíbélì ìyá rẹ̀, tí kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, wà lórí tábìlì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó lò ní ọ̀sán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Débọ́lá mú oògùn náà sínú àpò, ó tilẹ̀kùn, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tó kọ́kọ́ rò ni ṣọ́ọ̀ṣì, ní Tuẹntí-Tíríì Róòdù. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ àga kún, àwọn èèyàn ń rìn síwá sẹ́yìn pẹ̀lú àdúrà kíkankíkan. Ó fọwọ́ kan díákónẹ́ẹ̀sì kan léjìká, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Mọ́mì mi wá síbí?" Obìnrin kan tó wà ní ìlà iwájú dákẹ́ àdúrà, ó la ojú, ó sì yíjú padà. Ohùn náà ló dá mọ̀. Ó na ìka sí Débọ́lá, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò tíì sọ nǹkan kan. Díákónẹ́ẹ̀sì náà ní òun kò rí Sístà Bímpé láti ọjọ́ Àìkú, àfi pé ẹnì kan rí i nínú kẹ̀kẹ́ Enoch ní àárọ̀. Débọ́lá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti dé ojú títì kí obìnrin iwájú yẹn tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ó mọ Enoch. Ìyá Débọ́lá, tó jẹ́ tíṣà kó tó fẹ̀yìntì, ló kọ́ ọ ní Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì. Enoch ti lé ní ọmọ ogójì ọdún báyìí, ó ti bímọ mẹ́ta, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ láti Agboju. Débọ́lá fi ẹsẹ̀ rìn, ó sáré, ó tún rìn, títí tó fi bọ́ sí Old Ojo Road. Agboju kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí òkúta. Àwọn èèyàn ń ná ọjà, àwọn agbérò ń pariwo, ṣùgbọ́n ohùn Débọ́lá wà láàárín gbogbo rẹ̀, láti inú fóònù kan sí òmíràn. Ọkùnrin tó ń ta bàtà tiẹ̀ ti sọ ọ́ di orin, ó ń fi pe oníbàárà: "Ẹ wá rà á kó tó gbá wa o!" Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Débọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé ẹnu náà lè dá sọ̀rọ̀ lójijì.

Ó rí Enoch níbi tó ti ń fi aṣọ nu gíláàsì iwájú.

"Bọ̀dá Enoch, níbo lẹ gbé Mọ́mì mi lọ?"

Enoch wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Amúwo ni. Ilé Àlàájì Yísà, lápá etí omi."

Débọ́lá mọ orúkọ yẹn. Kò tíì gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ọmọ Amúwo pọ́ńbélé ni Yísà, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tó ti ni ilẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kọ́ Fẹ́sítàkì. Ìjọba ìbílẹ̀ ló bá ṣiṣẹ́, gọ́tà àti afárá kéékèèké ló ń bójú tó. Gọ́tà tó wà níwájú ilé ìwé ló dà á pọ̀ mọ́ Bímpé, lọ́dún kan tí omi òjò ya wọ kíláàsì. Ìyàwó Yísà ti kú, ọkọ Bímpé ti kú. Ó ń wá sí fúláàtì wọn ní ọjọ́ Sátidé, á jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, á máa pe ìyá Débọ́lá ní "Tíṣà." Lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Débọ́lá kò béèrè ìdí rẹ̀ rí, nítorí ó mọ̀ ọ́n.

Kẹ̀kẹ́ Enoch ti ní èrò méjì. Débọ́lá wọlé tì wọ́n. Ó ní kí Enoch jọ̀ọ́ kó yára, ibẹ̀ ni obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti yíjú sí i.

"Ohùn yín jọ ti ẹni tó ka ìròyìn yẹn."

Débọ́lá lè sọ pé òun kọ́. Àárẹ̀ ti mú un. "Èmi ni, mà. Mo ṣì í kà ni. Òkúta yẹn ò ní kàn wá rárá. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ọmọ mi kò sùn lánàá. Ọmọ ọdún méje. Ó di aṣọ mi mú títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ní tí òun bá sùn, òun ò ní rí mi tí òun bá jí." Ó wo ìta. "Ẹ bá mi pè é nísinsìnyí. Ohùn yín ló gbà gbọ́, ẹ fi ohùn náà sọ fún un." Ó tẹ nọ́ńbà, ó fi fóònù sí Débọ́lá létí. Ọmọ náà gbé e. Débọ́lá sọ fún un pé òkúta náà ń lọ sí ibòmíì, pé kò mọ̀ wá rí, pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ nílé. Ọmọ náà bi í pé, "Ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní ó dá òun lójú. Ó dá fóònù padà, ó sì tún bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló sọ.

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí Enoch já a sílẹ̀ ní Amúwo. Ilé Àlàájì Yísà jẹ́ ilé alájà kan tó gùn, tó kọ̀yìn sí omi. Àlájà Kúlísúmù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jókòó lẹ́nu géètì pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán, mà. Mo wá wo Mọ́mì mi."

"Mo mọ̀ ẹ́," Kúlísúmù dáhùn. "O ti dàgbà. Ìyá ẹ ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dá a lóhùn."

"Láti aago mẹ́sàn-án?"

"Wọlé, kó o fojú ara ẹ rí i."

Lẹ́yìnkùlé, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga onírọ́bà nínú léèsì aláwọ̀ ewé, báàgì lórí itan, ó nà ró bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Níwájú rẹ̀, Àlàájì Yísà ń kun irin ojú fèrèsé. Irun rẹ̀ ti funfun tán, èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Fèrèsé mẹ́rin ló ti kùn tán. Gbogbo àgbàlá ń rùn fún ọ̀dà.

"Mọ́mì!" Débọ́lá sáré lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Mọ́mì, ẹ wo bí mo ṣe wá yín kiri. Ẹ ò tiẹ̀ lo oògùn. Mọ́mì, àṣìṣe ni o, òkúta yẹn ò ní kan ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀," ìyá rẹ̀ sọ.

"Ẹ mọ̀?"

"'Gba' ni, kì í ṣe 'gbá'. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn. Lánàá, nígbà tí mo wá odindi ìròyìn náà rí, tí mo gbọ́ ọ dé ìparí, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń pè ẹ́ nìyẹn, kí n lè sọ fún ẹ kó o má da ara ẹ láàmú."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ìyá rẹ̀ gba oògùn, ó gba ike omi tí Kúlísúmù nà sí i, ó gbé oògùn mì kó tó dáhùn. Kò sọ ọ́ sí Débọ́lá; ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń kun fèrèsé ló sọ ọ́ sí.

"Wákàtí méjì ni mo fi gba ìròyìn yẹn gbọ́ kí n tó rí ìyókù. Ọmọ mi ló sọ ọ́, báwo ni mi ò ṣe ní gbà á gbọ́? Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún wákàtí méjì. Mo rò pé pásítọ̀ ni màá fẹ́ rí, kó gbàdúrà fún mi. Kò wá sí mi lọ́kàn. Má bínú sí mi, Débọ́lá, ìwọ náà ò kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé kò sí nǹkan tó fẹ́ já lé wa lórí, mo ní ṣé kí n wá padà máa ṣe bí ẹni pé mi ò mọ ohun tí mo ti mọ̀ ni?"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lójú irin.

"Tíṣà," Àlàájì Yísà sọ láìyíjú, "ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá Yísà."

"Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, mo kó àgbààgbà mọ́kànlá jọ sínú ilé yìí. Bàbá mi àgbà, tí kì í jáde mọ́, ní kí wọ́n gbé òun wá. Kúlísúmù dáná. A jókòó láti ọ̀sán títí a fi kírun alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí pé, 'Ìyàwó dà?' Ọjọ́ kejì mo pe nọ́ńbà ẹ, kò lọ. Mo wá sí Fẹ́sítàkì, o ò ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ nínú ilé, Tíṣà. Mo gbọ́ ọ."

Ìyá Débọ́lá di báàgì mú. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ẹbí. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Débọ́lá gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe fo òun dá nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ti sọ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi òun ní nǹkan kan. Àmọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń ru ẹrù rẹ̀. Ó dìde.

"Èmi ni, sà."

Àlàájì Yísà yíjú padà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà yẹn. Alẹ́ Sátidé ni, ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ múra wá síbí. Mo wà ní kíṣìnì. Mo sọ fún wọn pé tí wọ́n bá fẹ́ yín, màá kó lọ bá ẹbí Dádì mi ní Ìkìrun, wọn ò sì ní rí mi mọ́ láyé. Mo sọ pé Dádì ń wò wọ́n. Mo sùn dáadáa lóru yẹn, sà. Nígbà tí ẹ ò wá mọ́, inú mi dùn."

Ìyá rẹ̀ bojú. Àlàájì Yísà fi búrọ́ọ̀ṣì lé orí ìdérí ọ̀dà, ó nu ọwọ́ sí àkísà, ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò lè dá àgbà dúró," ó sọ. "Ìwọ sọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìyá ẹ ló dúró. Ó ṣeun tó o sọ ọ́, ṣùgbọ́n má bá a ru ẹrù tirẹ̀." Ó yíjú sí Bímpé. "Ká ní o ní kí ọmọ yìí wá sọ fún mi nígbà náà, mi ò bá dúró. Ọdún kan, ọdún mẹ́ta, mi ò bá dúró kó dàgbà. Kì í ṣe pé o ò wá ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé o rò pé mi ò tó ẹni tí èèyàn ń sọ ìdí fún."

"Ẹ tó," Bímpé sọ. "Ẹ tó, Bọ̀dá Yísà."

Kúlísúmù, tó ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wo fóònù rẹ̀. "Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú," ó sọ, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

Débọ́lá mọ ohun tó wà nínú ìròyìn náà látòkè dé ìsàlẹ̀; ó mọ̀ pé òkúta náà wà níbi tí ọkọ̀ òfurufú kankan kò lè dé, pé ó ń sá lọ, pé ó ti ń jìnnà sí wa. Síbẹ̀ ó gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. Ojú ọ̀run funfun, ó mọ́, ẹyẹ lékeléke méjì ń gba orí omi lọ. Débọ́lá wò ó títí ọrùn fi ń dùn ún.

Lójijì, láti ọ̀nà ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, nǹkan ró gbàmù, ilẹ̀ mì tìtì.

"Yéè! Ọlọ́hun ọba!" Kúlísúmù ké.

"Jéésù!" ìyá Débọ́lá fò kúrò lórí àga, báàgì fò, ó sì di ohun tó sún mọ́ ọn jù mú. Apá Àlàájì Yísà ni.

Àwọn ọkùnrin kan ń pariwo lọ́hùn-ún. Kọ̀ǹtẹ́nà ni. Kọ̀ǹtẹ́nà tó ṣófo já bọ́ lẹ́yìn tírélà, kò pa ẹnikẹ́ni, ìlù irin lásán ló ró. Àlàájì Yísà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi kún ojú rẹ̀, títí kò fi yé Débọ́lá mọ́ bóyá ẹ̀rín ni. Ọ̀dà funfun ti kun gbogbo ọwọ́ léèsì ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Àlàájì rẹ́rìn-ín tán, ó rọra tú ọwọ́ Bímpé kúrò lápá rẹ̀.

"Tíṣà, máa lọ sílé."

"Bọ̀dá Yísà..."

"Máa lọ. Tó o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wá lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò ní kọjá lójú ọ̀run. Ọjọ́ lásán. Kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù ló gbé ẹ wá."

"Ọjọ́ wo?"

"Ìyẹn dọwọ́ ẹ." Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó padà sídìí fèrèsé karùn-ún.

Ìyá àti ọmọ gba kẹ̀kẹ́ padà sílé. Àwọn ọmọdé ti jáde wá sí àwọn òpópónà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní Fíìfù Àfẹ́níù, Ìkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Débọ́lá, ó ní, "Kò mà wá já o," bí ẹni pé ó já a kulẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Débọ́lá kò fi rí oorun gidi sùn. Ó lọ bá Seth, ó ní òun kò ní ka ìròyìn tí kò ní àmì ohùn mọ́. Seth ní kò sí ẹni tó ráyè ìyẹn. Débọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣáájú wákàtí iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àmì sí i lórí ìwé, èyí tí kò dá a lójú, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá á sọ ọ́ fún un, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ Amúwo nínú àwọn méjèèjì.

Ìkẹ́ ló sọ fún un pé Mọ́mì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, Àlàájì kò sí nílé, Mọ́mì dúró dè é fún wákàtí mẹ́ta kó tó padà. Ní ọjọ́ Ajé kejì, òjò ń rọ̀, ó lọ, kò sì dé títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Débọ́lá béèrè, ìyá rẹ̀ ní, "A jọ sọ̀rọ̀. Ó bínú, ó sọ ọ́. Èmi náà sọ tèmi." Kò fi nǹkan kan kún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti Àlàájì lábẹ́lẹ̀, díákónẹ́ẹ̀sì pe Bímpé sẹ́yìn, wọ́n ní wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń darí èrò sí ìjókòó. Ó bọ́ báàjì rẹ̀ fún wọn, ó sì ń lọ jókòó ní ìlà ẹ̀yìn lọ́jọ́ Àìkú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, Débọ́lá wà ní fúláàtì, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀wà, nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbọn aṣọ, ó tún irun ṣe, ló bá sá wọ kíṣìnì. Débọ́lá ló lọ ṣílẹ̀kùn.

Àlàájì Yísà dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun, ọsàn nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kan. Kò wọlé. Ó wo inú ilé, ó wo ojú Débọ́lá, ó sì dúró.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Débọ́lá sọ. Láti kíṣìnì, kò gbọ́ ìró kankan. Ó mọ̀ pé tí òun bá pe ìyá òun, ìyá á jáde wá, á ṣe àlejò náà dáadáa, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lọ́rùn òun. Kò pè é. Ó gba láílọ́ọ̀nù ọsàn náà, ó sún kúrò lójú ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, sà. Ẹ jókòó."

Ó bọ́ bàtà. Ó ń wo àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, Débọ́lá sì nawọ́ sí àga ńlá tó wà lábẹ́ fáànù, èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ọkùnrin náà ṣiyèméjì, ó sì lọ jókòó sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, bí ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun máa pẹ́.